Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Jẹ Èédú

Nínú ìwé wa yìí, a ti máa ń ka ìtàn àwọn tó gbé ìyìn rere wá sí ilẹ̀ wa àti ìtàn àwọn ìjọ tó ti wà tipẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn ojú irin, èédú àti epo ni mo fẹ́ kí a jọ kà. Ẹ má sọ pé kí ló kàn wá níbẹ̀ o. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù ní Abuja, tàbí tó ń tajà fún ẹni tó ń gba owó oṣù, ọ̀rọ̀ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á yé wa. Èédú tí mò ń sọ yìí kì í ṣe èédú igi tí àwọn ìyá wa fi ń sun àgbàdo àti bọ̀ọ̀lì. Èédú inú ilẹ̀ ni, òkúta dúdú tí àwọn awakùsà ń wà jáde lábẹ́ òkè, tó máa ń jó pẹ́ ju igi lọ, tí ooru rẹ̀ sì le gan-an.

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá, tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó èédú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń jẹ wá. Ẹ wo ìnáwó yẹn! Nígbà tó di 1909, àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá ohun àlùmọ́ọ́nì kiri, tí Albert Kitson jẹ́ olórí wọn, rí èédú ní agbègbè Udi, níbi tí ìlú Enugu wà lónìí. Ìnú ìjọba dùn, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà: èédú wà nínú òkè, òkun sì jìnnà. Wọ́n wá etí omi kiri títí wọ́n fi rí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè gúnlẹ̀ sí ní apá odò Bonny. Ibẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1912 sí 1913, wọ́n sì fi orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, sọ ọ́ ní Port Harcourt.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ́ irin lọ sókè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa èédú náà ní 1915, ojú irin sì dé Enugu ní 1916, ọ̀nà tó tó nǹkan bí 240 kìlómítà. Ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà, ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, èédú ìlú Òyìnbó sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bi yín pé kí ló bí Port Harcourt, ẹ sọ fún un pé èédú ni. Bí ó bá bi yín pé kí ló bí Enugu, èédú náà ni.

Kò tán síbẹ̀. Láti Port Harcourt, ọkọ̀ ojú omi ń kó èédú Enugu lọ sí Èkó fún àwọn ẹ́ńjìnnì ojú irin ti apá ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń kó o lọ sí Gold Coast, tó ti di Ghana báyìí. Iná mànàmáná tó ń tàn ní Èkó nígbà náà, èédú ni wọ́n fi ń dá a ní Ìjọ́ra. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́ irin náà lọ sí apá òkè, ó gba Makurdi, Lafia àti Kafanchan, ó sì dé Kaduna. Afárá orí odò Benue ní Makurdi parí ní 1932, kí ó tó di pé ọkọ̀ ń kọjá lórí omi náà láìsí ìdúró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Abuja gba Keffi àti Akwanga lọ sí Lafia, irin tí ẹ máa ń rí níbẹ̀, ara irin èédú yìí ni. Ojú irin yẹn náà ló kó ọ̀pọ̀ Yorùbá, akọ̀wé, awakọ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́, lọ sí ìlú tí wọn kò dé rí, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ìjọsìn sí ibi tí iṣẹ́ bá gbé wọn dé.

Ẹ wá fi ojú inú wo bí nǹkan ṣe rí. Ọkọ̀ ojú irin ń gbé èédú lọ sí etíkun, èédú náà ni ọkọ̀ ojú irin ń jẹ kó tó lè rìn. Ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé abẹ́ ilé iṣẹ́ rélùwéè gan-an ni ibi ìwakùsà Enugu wà. Oníbàárà tó tóbi jù fún èédú ni rélùwéè, òun náà ló ń gbé e. Bí rélùwéè bá ń rà, Enugu ń jẹun. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè pé bí oníbàárà yìí bá dẹ́kun àti rà ńkọ́?

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò rí i jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń gẹ́ èédú nínú òkùnkùn, àwọn kan ń ti i jáde nínú kẹ̀kẹ́ kékeré lórí irin tóóró tí wọ́n tẹ́ sínú ihò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, wọ́n ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó iṣẹ́ wọn. Wọn kò fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀. Ìjọba bẹ̀rù, ó rán ọlọ́pàá láti lọ kó ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta kúrò níbẹ̀, kó má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jà fún òmìnira. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, ní Iva Valley, ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Philip pàṣẹ pé kí wọ́n yìnbọn. Òṣìṣẹ́ 21 ló kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 50. Ẹ̀jẹ̀ wọn ta gbogbo orílẹ̀-èdè yìí jí. Ní Èkó, àwọn olóṣèlú tí kì í fẹ́ rí ara wọn sójú jókòó pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ kan, ọmọ Yorùbá, Dókítà Akínọlá Májà, sì ni alága wọn. Ẹ rántí èyí nígbà tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé ìyà Ìgbò kò kan Yorùbá rí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa dísù. Orúkọ ènìyàn ni o. Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì, ni ẹni náà. Ní 1897, ní ìlú Augsburg, ẹ́ńjìnnì tó ti ń ronú lé lórí láti ọdún mélòó kan ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìtàn rẹ̀ ni pé èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná wà lára ohun tó kọ́kọ́ ní lọ́kàn pé ẹ́ńjìnnì náà máa jẹ! Kò bọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Epo ló gbà á. Níbi àfihàn ńlá kan ní Paris ní 1900, wọ́n tilẹ̀ fi epo ẹ̀pà wa irú ẹ́ńjìnnì yìí, nítorí pé ìjọba Faransé ń ronú sí àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ẹ̀pà pọ̀ sí. Ní 1913, Diesel wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí ìlú Òyìnbó, wọn kò sì rí i láàyè mọ́.

Báwo ni ẹ́ńjìnnì náà ṣe yàtọ̀? Èyí tó ń jẹ èédú, iná la máa ń dá sí i nínú bí ìgbà tí a ń se oúnjẹ àríyá. Omi á hó, ooru omi náà á máa ti irin, irin á máa yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ó máa ń gbà tó wákàtí mélòó kan kó tó gbóná. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa fi ṣọ́bìrì kó èédú sí i lẹ́nu, ó sì gbọ́dọ̀ máa dúró mu omi lọ́nà. Ní ọ̀nà Kano àti Maiduguri, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, wàhálà ńlá nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì dísù kò rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí afẹ́fẹ́ náà á fi gbóná gan-an, wọ́n á fín epo díẹ̀ sí i, epo á gbiná fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì yìí fúnra rẹ̀ ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Iná mànàmáná ló ń dá, iná náà ló ń yí mọ́tò tó wà nídìí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń rìn lórí irin ni, ẹ̀gbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn ilé ìjọsìn.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé iṣẹ́ ojú irin kan wà tó jẹ́ pé èédú ni olórí ẹrù wọn. Ìbéèrè tó dojú kọ wọ́n ni pé, ẹni tó jẹ́ pé èédú ló ń bọ́ ọ, ṣé yóò lọ ra ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ èédú? Èyí tó ń jẹ́ Norfolk and Western, ní Virginia, kọ̀ jálẹ̀. Ó ń fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ́ńjìnnì èédú, àwọn tó dára gan-an, nígbà tí àwọn yòókù ti ń ra dísù. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1960, òun náà ti jọ̀wọ́. Èyí tó ń jẹ́ Chesapeake and Ohio ní kí wọ́n kọ́ ẹ́ńjìnnì mẹ́ta tó máa fi èédú dá iná mànàmáná, kó lè bá dísù figagbága. Ilé iṣẹ́ Baldwin kọ́ wọn ní 1947 sí 1948. Eruku èédú àti omi ń wọ inú mọ́tò iná wọn, nígbà tó sì di 1950, wọ́n ti wó wọn fún irin àlòkù.

Baldwin yìí ńkọ́? Kò sí ẹni tó kọ́ ẹ́ńjìnnì èédú tó o ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ayé yí sí dísù, òun náà gbìyànjú. Ó ṣe irú kan tí imú rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ti ẹja ekurá, ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ọjà kò yá. Ní 1956, ó dẹ́kun àti kọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ta àwọn ẹlẹ́nu ṣóńṣó náà dànù, ilé iṣẹ́ ojú irin kékeré kan tó ń kó èédú ní Pennsylvania àti West Virginia, Monongahela Railway, ra díẹ̀ nínú wọn, ó sì lò wọ́n fún ìgbà díẹ̀ sí i. Nínú gbogbo irú wọn, méjì péré ló ṣẹ́kù láyé, 1205 àti 1216. Ẹ rí i bí ayé ṣe rí: dísù tó lé èédú lọ, òun náà di arúgbó, ọ̀dọ̀ onísẹ́ èédú kékeré ló sì ti lo ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà wálé. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, rélùwéè ilẹ̀ wa ṣì ń ra ẹ́ńjìnnì èédú tuntun láti ìlú Òyìnbó, àwọn tí wọ́n fi orúkọ odò ilẹ̀ wa sọ. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, dísù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò wọn. Bí dísù kan bá wọlé, oúnjẹ ẹ́ńjìnnì èédú kan ti kúrò nínú ohun tí Enugu ń tà. Ẹrù ṣì wà lójú irin, àní èédú gan-an wà lára ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé e kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ẹ fara balẹ̀ wo ọdún tó ṣẹlẹ̀. Ní 1916, èédú tí Enugu wà jáde jẹ́ nǹkan bí 24,500 tọ́ọ̀nù. Ní 1958 sí 1959, ó ti tó nǹkan bí 905,000. Ìgbà tó ga jù nìyẹn. Lójú ẹni tó wà níbẹ̀, ó máa dà bí ẹni pé ìgbà ọ̀tun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní 1956, wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní Oloibiri. Ní oṣù kejì ọdún 1958, epo rọ̀bì àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà tà sí òkèèrè jáde. Níbo ló gbà jáde? Port Harcourt ni, èbúté tí wọ́n kọ́ nítorí èédú. Ohun tó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ló kọ sí ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, iná omi Kainji bẹ̀rẹ̀ ní 1968, gáàsì náà wọlé, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ nílò èédú fún iná mọ́. Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ti ibi ìwakùsà pa, omi sì kún inú àwọn ihò kan. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò padà sí bó ṣe wà rí. Kì í ṣe pé èédú tán nínú òkè o. Ó ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Oníbàárà ló lọ. Omi ló tán lẹ́yìn ẹja.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀yin àti èmi nìyí. Èédú ló bí Enugu. Kí ló kọ́ Abuja? Ní oṣù kejì ọdún 1976 ni ìjọba ológun ṣe òfin tó dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbí. Owó epo ni wọ́n fi la títì wa, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, òun ló sì wà nídìí ọ̀pọ̀ owó oṣù tí a ń gbà, àní ìdámẹ́wàá tí a ń mú wá sí ilé Ọlọ́run náà. Ọkọ̀ ojú irin tó ti Idu lọ sí Kaduna láti 2016, dísù ló ń lò. Ṣùgbọ́n ní Èkó, láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin kan ti ń gbé èrò tó jẹ́ pé iná mànàmáná ló ń gbé e rìn. Dísù tó gba ipò èédú náà ti rí ẹni tó máa gba ipò rẹ̀. N kò sọ pé ọ̀la ni epo máa di aláìníláárí. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn ará Enugu ní 1958 náà kò mọ̀ pé òkè tí wọ́n wà ni téńté rẹ̀.

Ẹ rántí wòlíì Èlíjà létí odò Kérítì. Ọlọ́run ló ní kó lọ síbẹ̀, odò náà bọ́ ọ lóòótọ́, odò náà sì gbẹ. Gbígbẹ tó gbẹ kò fi hàn pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jókòó síbẹ̀ kó máa sunkún odò. Ó dìde lọ sí Sáréfátì, ọ̀dọ̀ opó tálákà kan ni oúnjẹ sì ti jáde wá. Odò lè gbẹ. Ọlọ́run tó ni odò kì í gbẹ, ó sì máa ń fi ènìyàn bọ́ ènìyàn.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí a ṣe. Èkíní, kí olúkúlùkù wa wo ilé rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bí gbogbo oúnjẹ ilé yín bá ń ti ọ́fíìsì kan ṣoṣo wá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé tó ń kà, kí ẹ̀yin náà sì ní nǹkan mìíràn tí ẹ lè ṣe.

Èkejì, ẹ wo àwọn tí ayé tuntun ń fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé àti ìjọ ní Abuja ló ti ń ra sólà nítorí owó dísù. Ó dára, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti ń bá wa tún jẹnẹrétọ̀ ṣe láti ọdún yìí wá, tó máa ń wá ní òru ọjọ́ ìṣọ́ òru tí iná bá kú, kí ló ń jẹ báyìí? Òun ni awakùsà Enugu ti àkókò tiwa. Ìjọ tó bá ra sólà lè san owó kí ọkùnrin yẹn lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ òrùlé. Iye rẹ̀ kò tó owó dísù oṣù díẹ̀.

Ẹ̀kẹta, nínú ìjọ wa, a kò lè ṣàìní àgbà tó ṣiṣẹ́ rélùwéè, tàbí tí bàbá rẹ̀ ṣe é, ní Offa, ní Kafanchan, ní Enugu. Ẹ jókòó tì wọ́n lẹ́yìn ìsìn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí ojú wọn rí. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá owó ìfẹ̀yìntì wọn ń wọlé. Èyí tí kò bá wọlé, kí ẹ mú orúkọ rẹ̀ wá fún àwọn alàgbà, kí a mọ bí a ṣe máa dúró tì í.

Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti rí ìgbà tí odò bá ń fà, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ láti fa ẹnìkejì wa sókè. Àmín.